Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn òbí lórí bí a ṣe ń gbé ọmọdé nínú mọ́tò: kí ni ká fi hàn wọ́n?

ÌyáJẹ́léósinmi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìbàdàn fún wa ní wákàtí kan nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́, ká fi la àwọn òbí lọ́yẹ̀ lórí ààbò ọmọdé nínú mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní tòkunbọ̀: Corolla, Camry, Sienna. Àwọn tó kù ń wọ Micra àti kọ̀rọ̀pẹ́. Ohun tí ojú ń rí lẹ́nu géètì láràárọ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́ta tó dúró sáàárín síìtì iwájú méjèèjì, ìkókó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ níwájú, àti ọmọ mẹ́rin tí wọ́n kó sí búùtù Sienna.

Mi ò fẹ́ kó dà bí ìwàásù. Àwọn èèyàn ti gbọ́ "ẹ de bẹ́líìtì" títí tó fi sú wọn. Ohun tí mò ń wá ni èyí tí a lè fọwọ́ ṣe lójú wọn, kí wọ́n sì lè ṣe é sí mọ́tò tiwọn kí wọ́n tó kúrò ní ọgbà ilé ìwé. Kí ló yẹ kó ṣáájú? Kí la máa sọ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká káà síìtì, ìjókòó ọmọdé tí wọ́n ń dè mọ́ ìjókòó mọ́tò? Ẹ dákun, ẹ má fi ṣókí ṣe é.

Àdùnní_Houston

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, ìyá wa. Iṣẹ́ yíyẹ káà síìtì wò ni mò ń ṣe níbí ní Amẹ́ríkà, Safe Kids, àjọ tó ń rí sí ààbò ọmọdé, ló fún mi ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ má fi káà síìtì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi í bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò lówó á ti di etí rẹ̀. Ibi tí ọmọ ń jókòó sí ni kí ẹ kọ́kọ́ mú: ẹ̀yìn ni, títí yóò fi pé ọdún 13. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Iwájú ni mọ́tò sábà máa ń fi kọlu nǹkan, ibẹ̀ náà sì ni airbag wà, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń bú jáde nígbà ìjàm̀bá.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn ṣírò. Mọ́tò tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá forí sọ ògiri, tí iwájú rẹ̀ rún wọlé ní ìdajì mítà kó tó dúró, ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ á fà síwájú ní nǹkan bí ìlọ́po 20 ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ tó wọn kílò 10 á fà bíi kílò 200, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin. Ẹ gbé àpò ìrẹsì kílò 10 kan wá, ẹ fi lé bàbá tó sígbọnlẹ̀ jù níbẹ̀ lọ́wọ́, kó gbé e mọ́ra fún ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà tí apá bá ti ń ro ó ni kí ẹ sọ ti ìlọ́po 20.

Nísinsìnyí ẹ lè wá sórí káà síìtì. Orí ìkókó tó ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ara rẹ̀, eegun ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gan. Bó bá kọjú síwájú, okùn á di èjìká rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n orí á fò lọ, ọrùn nìkan ni yóò sì gba gbogbo rẹ̀. Bó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn síìtì ni yóò gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn títí tó fi kọjá ìwọ̀n tàbí gíga tí wọ́n kọ sára síìtì yẹn. Ọ̀pọ̀ síìtì tó ṣeé yí padà ló ń gba ọmọ tó kọjú sẹ́yìn títí dé kílò 18, ọmọ ọdún mẹ́ta ṣì lè wà níbẹ̀. Àwọn òbí á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ká kò. Ẹ jẹ́ kó ká kò. Ọmọdé fẹ́ràn kó ká ẹsẹ̀ jókòó, ọrùn ni à ń dáàbò bò.

Bí wọ́n ṣe ń dè é rèé, nínú tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ gbé síìtì sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kí ó kọjú sẹ́yìn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọ̀nà méjì ni bẹ́líìtì lè gbà kọjá, wọ́n sì sábà máa ń fi búlúù sàmì sí ti ọmọ tó kọjú sẹ́yìn, wọ́n á fi pupa sí ti ẹni tó kọjú síwájú. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ nìyí: wọ́n á kọ síìtì sẹ́yìn, wọ́n á sì ki bẹ́líìtì gba ọ̀nà pupa. Ẹ ki bẹ́líìtì gba ibi tó yẹ láìjẹ́ kó lọ́, ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́ẹ̀". Ẹ wá fa èyí tó gba èjìká síta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán pátápátá. Ẹ fi sílẹ̀ kó máa padà: ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún "kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀". Ìgbà yẹn ló di títì, kò ní í jáde mọ́, wíwọlé nìkan ló lè máa wọlé. Ẹ fi apá tẹ inú síìtì mọ́lẹ̀ gidi, kí ẹ máa fi ọwọ́ kejì dá àyè tó kù padà sínú ilé bẹ́líìtì.

Láti dán an wò, ẹ di síìtì mú níbi tí bẹ́líìtì ti kọjá gan-an, kì í ṣe lórí, kì í ṣe lẹ́sẹ̀. Ẹ mì í sí ọ̀tún, sí òsì, síwájú. Kò gbọdọ̀ yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Bí òkè síìtì tó kọjú sẹ́yìn bá ń mì díẹ̀, kò burú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí ó bá ṣì ń yẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́yìn gbogbo wàhálà yín, ẹ wo orí ihò bẹ́líìtì: nígbà mìíràn, etí síìtì ló ń tẹ̀ ẹ́, tí kò jẹ́ kí bẹ́líìtì ó fún. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Àwọn mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti oṣù kẹsàn-án 2002 wá ní irin méjì tó fara pamọ́ síbi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀. LATCH ni wọ́n ń pè é níbí, ISOFIX ní Yúróòpù. Ẹ lè fi ìkọ́ síìtì kọ́ ọ dípò bẹ́líìtì. Ọ̀kan ni kí ẹ lò, ẹ má lo méjèèjì pọ̀ àyàfi bí ìwé síìtì bá gbà yín láàyè. Nínú Corolla, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni irin yìí wà, kò sí láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ gbé síìtì sáàárín, bẹ́líìtì ni kó fi dè é. Bí ìwọ̀n ọmọ àti ti síìtì lápapọ̀ bá ń sún mọ́ kílò 29, ẹ kúrò lórí irin, ẹ padà sórí bẹ́líìtì.

Síìtì tó kọjú síwájú ní okùn kan tó ń jáde láti òkè ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí à ń pè ní top tether. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kò tó o. Nínú Corolla àti Camry, ibi tí wọ́n máa ń kọ́ ọ sí wà lórí pẹpẹ tó wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, lábẹ́ ọmọrí rọ́bà kékeré kan tó ní àwòrán ìdákọ̀ró. Nínú Sienna, ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó fúnra rẹ̀. Okùn yìí ń dín bí orí ọmọ ṣe ń fò síwájú kù ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ wà láàárín kí orí kan ẹ̀yìn síìtì iwájú àti kí ó má kàn án.

Ọmọ gan-an ló kù. Bó bá kọjú sẹ́yìn, okùn èjìká gbọ́dọ̀ jáde láti ibi tó bá èjìká rẹ̀ dọ́gba tàbí tó rẹlẹ̀ sí i. Bó bá kọjú síwájú, ibi tó bá èjìká dọ́gba tàbí tó ga jù ú lọ. Ẹ dè é, ẹ fà á, kí ẹ wá fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá gbìyànjú láti já okùn náà mú lórí eegun èjìká. Bí ẹ bá rí okùn já mú, ó ṣì dẹ̀. Kílíìpù àyà, èyí tó so okùn èjìká méjèèjì pọ̀, gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gángán abíyá, kì í ṣe lórí ikùn.

Rewire_Bódìjà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Àdùnní ti sọ ti síìtì, ẹ jẹ́ n sọ ti mọ́tò, torí pé tòkunbọ̀ tiwa kì í ṣe bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́ ló ṣe ń dé ọwọ́ wa.

Ẹ kọ́kọ́ wá bẹ́líìtì ẹ̀yìn rí ná. Àwọn tó ń ran síìtì máa ń fi awọ tuntun bo ihò bẹ́líìtì mọ́lẹ̀, tí irin LATCH náà á sì wọlé lọ. Onímọ́tò á wá máa sọ pé ọkọ̀ òun kò ní in. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín ẹ̀yìn àti ìdí ìjókòó, ẹ ó bá a níbẹ̀. Kí onírán tú ojú rẹ̀, kí ó sì fún un ní ihò tó mọ́ tónítóní.

Ẹ fa bẹ́líìtì jáde tán. Ẹ wo etí rẹ̀ bóyá ó ti hu irun tàbí ó ti ya. Ẹ wo bóyá amọ̀ gbígbẹ wà ní apá tó máa ń wà nínú ilé rẹ̀: mọ́tò tí omi ti mu ló ń ní irú ẹ̀, irin inú ilé bẹ́líìtì náà á sì ti dípẹtà. Ẹ wo ibi tí irin orí bẹ́líìtì ti ń rìn: bí rọ́bà ibẹ̀ bá ti há, tó ń dán bí ẹni pé ó yọ́, bẹ́líìtì yẹn ti di èèyàn mú nínú ìjàm̀bá rí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gán bẹ́líìtì tó ya, òwú ẹni tó ń rán báàgì kò lè gba iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá ń ra òmíràn ní Agodi Gate tàbí Ládípọ̀, àyẹ̀wò kan náà ni kí ẹ ṣe níwájú ẹni tó ń tà á.

Ẹ já a gbà lójijì: ó gbọ́dọ̀ há. Ẹ fà á pẹ̀lẹ́: ó gbọ́dọ̀ jáde. Èyí tí kò há rárá àti èyí tí kò jáde rárá, ti tán ni méjèèjì. Ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò, ẹ tẹ bọ́tìnì pupa kó yọ. Bí kò bá dún, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò. Owó wẹ́wẹ́, èérún bísíkíìtì àti bébà ṣuwíìtì ló máa ń wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fọ́n ọn jáde. Ẹ má bu epo tàbí gíríìsì sí i, eruku ló máa kó jọ.

Ti airbag wàyí. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìtíì sítáàtì, iná airbag gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ó sì kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, nígbà tí iná ọ́ìlì àti ti bátìrì ṣì wà. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Bí ó bá dúró kó lè kú pẹ̀lú iná ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ sítáàtì, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti so wáyà rẹ̀ mọ́ ti ọ́ìlì kí oníbàárà má bàa mọ̀ pé airbag ti bú rí. Mo mẹ́nu bà á nítorí àwọn tó ń sọ pé "airbag tèmi ò ṣiṣẹ́, mo lè gbé ìkókó síwájú". Wọn kò mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Airbag máa ń bú kí ojú tó ṣẹ́, bí síìtì ìkókó tó kọjú sẹ́yìn bá sì wà níwájú rẹ̀, orí ọmọ gan-an ló máa gbá lẹ́yìn. Ìkókó kò ní iṣẹ́ kankan níwájú.

Kí n tó gbàgbé: ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ wo etí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́kọ́rọ́, irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀ kí ọmọ má lè ṣí ilẹ̀kùn láti inú. Wíńdò náà ní bọ́tìnì tirẹ̀ lọ́wọ́ dírẹ́bà.

BàbáRónkẹ́

Ẹ má bínú o, gbogbo ìmọ̀ yìí dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi ọ̀já pọ̀n dáadáa, ibo ló fẹ́ fò gbà? Àti pé oòrùn tiwa yìí, ẹ gbé ọmọ sínú nǹkan oníṣùkà yẹn nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Mokola, ẹ fẹ́ kó máa ké dé ilé ni? Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni jàre.

Nọ́ọ̀sì_Àbẹ̀kẹ́

Ẹ káàárọ̀ sà. Ọlọ́run ń ṣọ́ni lóòótọ́, a sì ń ti ilẹ̀kùn lálẹ́.

Ti ọ̀já: ìyá tó pọ̀n ọmọ kò lè fẹ̀yìn ti ìjókòó, nítorí náà bẹ́líìtì kì í wà lára rẹ̀ bó ṣe yẹ, bó bá tilẹ̀ dè é. Ìyá tó wọn kílò 60, ìlọ́po 20 rẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Nígbà tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, ìyá á kọ́kọ́ lọ síwájú pẹ̀lú ọmọ, á sì padà wá sẹ́yìn, ọmọ ló sì wà láàárín òun àti ìjókòó. Bó bá gbé e sáyà tó fi bẹ́líìtì kan náà yí àwọn méjèèjì ká, ìyẹn tún burú jù: ìyá ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì. Ọ̀já dára fún ìrìn ẹsẹ̀, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti káà síìtì, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, NHTSA, ṣírò pé bí wọ́n bá lò ó dáadáa nínú mọ́tò kékeré, ó ń dín ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kù ní ìdá 71 nínú 100, àti ti ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ní ìdá 54.

Ẹkún àti oòrùn ní àtúnṣe. Bí mọ́tò bá ti wà nínú oòrùn, irin orí okùn lè jó itan ọmọ, kí ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó gbé ọmọ wọlé. Bí ẹ bá páàkì, aṣọ funfun ni kí ẹ dà bo síìtì. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí atẹ́gùn gbígbóná jáde kí ẹ tó sítáàtì. Ẹ má da aṣọ bo orí síìtì tí ọmọ wà nínú rẹ̀, ooru ló ń mú pọ̀ sí i, ẹ kò sì ní í rí ojú rẹ̀. Bí ọmọ bá ń ké, ẹ páàkì kí ẹ wò ó: lọ́pọ̀ ìgbà okùn èjìká ti kéré jù fún un, tàbí ìlédìí ti rin, tàbí oòrùn ń wọ ojú rẹ̀ láti wíńdò. Ìyá tó fẹ́ fún ọmọ lọ́mú, kí mọ́tò dúró ná.

Fún àwọn abiyamọ tuntun, ẹ̀mí gbígbà ni ẹ tẹnu mọ́. Síìtì ìkókó gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn tó kí àgbọ̀n rẹ̀ má bàa wá lé àyà, torí pé bí àgbọ̀n bá kan àyà, ọ̀nà ọ̀fun á ká. Ọ̀pọ̀ síìtì ló ní ìlà tàbí omi kékeré nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń fi ìdẹ̀gbẹ́ yìí hàn. Bí orí rẹ̀ bá ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ká táwẹ́ẹ̀lì kékeré méjì, ọ̀kan sí ọ̀tún orí, ọ̀kan sí òsì. Ẹ má fi nǹkan kan sábẹ́ tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Ìrọ̀rí oníìyẹ́ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀ fún káà síìtì, ẹ má rà á, kò sí nínú ohun tí wọ́n fi dán síìtì yẹn wò. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀lì wé ọmọ kí ẹ tó dè é. Ẹ dè é tán, kí ẹ wá da ṣọ́ọ̀lì lé okùn lórí, torí aṣọ tó nípọn ń fún pọ̀ nígbà tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, okùn á sì di dídẹ̀ lójijì. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, kí dókítà sọ bóyá ó lè jókòó nínú síìtì rárá kí wọ́n tó gbé e kúrò ní ọsibítù.

Bí ẹ bá délé, ẹ gbé ọmọ jáde. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ ọ̀nà jíjìn, ẹ dúró ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ gbé e dìde.

Ọ̀kan ṣì kù: ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ nínú mọ́tò tó dúró, kódà bí ẹ bá fẹ́ sáré ra búrẹ́dì. Láàárín ìṣẹ́jú 10, inú mọ́tò lè fi nǹkan bíi 11°C gbóná sí i, ara ọmọdé sì ń gbóná ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún ti àgbà. Ẹni tó máa ń gbàgbé, kó gbé báàgì tàbí fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ lẹ́yìn, kí ó lè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dandan kó tó lọ.

ÌyáJẹ́léósinmi

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ kò ní í rí ìjàm̀bá. Bàbá Rónkẹ́, ẹ ṣeun náà, ohun tí ẹ sọ yẹn ni àwọn òbí máa sọ gan-an.

Nǹkan mẹ́ta ló kù. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n ní London tó ń kó káà síìtì tí ọmọ tiwọn ti lò tán sínú dúrọ́ọ̀mù wá sílé. Ṣé ẹ gbà á? Àwọn mìíràn ní ọmọ mẹ́ta, Corolla kan. Àwọn oní-Micra ńkọ́?

Táíwò_Peckham

A gbà á, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá jẹ́ ẹni tí ẹ lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ ó béèrè ni pé: ṣé síìtì yìí wà nínú mọ́tò nígbà ìjàm̀bá rí? Bó bá wà níbẹ̀, kò ṣeé lò mọ́, àyàfi tó bá jẹ́ ìjàm̀bá kékeré: mọ́tò ṣì wakọ̀ lọ fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn tó sún mọ́ síìtì kò bàjẹ́, kò sẹ́ni tó fara pa, airbag kò bú, kò sì sí ibi tó ya tàbí tó fọ́ lára síìtì. Márààrún gbọ́dọ̀ pé, àwọn ilé iṣẹ́ síìtì mìíràn kò tilẹ̀ gba èyí náà. Èyí tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ títì ń kọ́? Kò sí ẹni tó mọ ìtàn rẹ̀. Èmi kò ní í rà á.

Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀, tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá náà sábà máa ń wà níbẹ̀: láàárín ọdún 6 sí 10 ni ọ̀pọ̀ wọn. Oòrùn ń mú kí rọ́bà gbẹ kó sì máa fọ́. Ti Yúróòpù ní líébù tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlànà ààbò sí: R44/03, R44/04 tàbí R129. Bí ẹ bá rí R44/01 tàbí R44/02, ẹ jù ú nù. Ẹ ka àwọn nǹkan ara rẹ̀: okùn èjìká méjì, èyí tó gba àárín ẹsẹ̀, ihò rẹ̀, ìrọ̀rí ìkókó tó bá a wá. Kí nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ wà, kí ẹ fi wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì wò bóyá ilé iṣẹ́ ti ní kí wọ́n dá a padà.

Àwọn ìyàtọ̀ kan wà tó ń da àwọn ará ilé láàmú. Síìtì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kò ní kílíìpù àyà, kò sọnù, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Síìtì ìkókó tibí, bẹ́líìtì ìbàdí máa ń gba orí ẹsẹ̀ ọmọ, tèjìká á sì yí ẹ̀yìn síìtì ká, nípa bẹ́ẹ̀ ẹ tẹ̀ lé àmì búlúù. Irin ISOFIX àti ti LATCH jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 28 bákan náà, nítorí náà ó máa wọ̀ ọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ gígùn kan tó ń dúró lórí ilẹ̀ mọ́tò, kí ẹ rí i pé ilẹ̀ náà le, kì í ṣe orí ọmọrí àpótí.

Ẹ má fi omi gbígbóná tàbí jík fọ okùn rẹ̀, ẹ má sì rì í sómi. Aṣọ tútù, ọṣẹ díẹ̀, ó tó. Aṣọ ìbòrí ni ẹ lè yọ fọ̀.

Àdùnní_Houston

Ọmọ mẹ́ta nínú Corolla: ẹ fi mítà wọn fífẹ̀ síìtì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó rà á, káà síìtì fífẹ̀ mẹ́ta kì í wọ̀. Ẹni tó kéré jù tàbí ẹni tó ṣì kọjú síwájú pẹ̀lú okùn ni kó gba ibi tí síìtì ti lè fún jù. Àgbà inú wọn tó ti lè lo búsítà, ìjókòó kékeré tó ń gbé ọmọ ga sókè, kó gba ẹ̀gbẹ́, torí ó nílò ọwọ́ láti kì bẹ́líìtì bọ ihò.

Búsítà ni mo fẹ́ kí ẹ lo àkókò lé lórí, torí pé òun ni ìnáwó rẹ̀ kéré jù, òun sì ni ọmọ ọdún 5 sí 10 nílò. Kì í ṣe kí ọmọ lè rí ìta ni a ṣe ń lò ó. Ó ń gbé e sókè kí bẹ́líìtì àgbà lè gba ibi eegun. Bí kò bá sí i, bẹ́líìtì ìbàdí á gun orí ikùn, nígbà ìjàm̀bá ó sì lè ya ìfun tàbí kó dá egungun ẹ̀yìn. Tèjìká á máa fín in lọ́rùn, òun náà á sì tì í sẹ́yìn ara tàbí sábẹ́ abíyá, ìyẹn sì léwu gan-an. Bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi kílò 18 tó bá ti lè jókòó jẹ́ẹ́, títí tó fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 145. Ìrọ̀rí tàbí ìwé tí wọ́n tò jọ kò lè rọ́pò rẹ̀, ó máa ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ọmọ. Bí bẹ́líìtì bá jẹ́ ti ìbàdí nìkan láìsí tèjìká, ẹ má lo búsítà níbẹ̀. Síìtì olókùn ni ó lè wà níbẹ̀, tí ìwé rẹ̀ bá gbà á.

Ẹ lè fi èyí ṣe eré níbi ìpàdé. Ẹ fa ìlà sára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 145, kí àwọn ọmọ wá dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá kọjá ìlà, ẹ gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn láìsí búsítà: ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kan ìjókòó, ṣé orúnkún rẹ̀ ká ní etí ìjókòó, ṣé bẹ́líìtì wà lórí itan, ṣé tèjìká gba àárín èjìká, ṣé ó lè wà bẹ́ẹ̀ títí dé ilé? Bí ọ̀kan bá kùnà, kó padà sí búsítà.

Búùtù Sienna: iye bẹ́líìtì tó ń ṣiṣẹ́ ni iye ọmọ tó ń wọlé. Ẹ sọ ọ́ báyìí fún àwọn tó ń kó ọmọ ilé ìwé, ẹ má dẹ̀ ẹ́ rárá. Ọmọ méjì nínú bẹ́líìtì kan, orí wọn ni yóò gbá ara wọn.

Micra: kí ìyá jókòó lẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, níbi tí bẹ́líìtì bá wà, kí ọmọ tó ti tó lílo bẹ́líìtì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ní síìtì ìkókó tó fúyẹ́ lè gbé e wọ Micra, bẹ́líìtì Micra máa dè é, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tí kì í tì bí ẹ bá fà á jáde tán ni ọ̀pọ̀ wọn ní, nítorí náà síìtì tó ní ìdè tirẹ̀ fún bẹ́líìtì ló dára jù. Bí mọ́tò kò bá ní bẹ́líìtì lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó lọ, kí ẹ dúró de èyí tó ní in. Mo mọ̀ pé kì í rọrùn lójú òjò. Ẹni tí kò bá rí òmíràn, kó má gba iwájú, kó má sì jẹ́ kí ọmọ dúró láàárín síìtì méjèèjì.

Fún wákàtí kan tí ẹ ní: ìṣẹ́jú 10 fún àpò ìrẹsì àti ìṣirò, ìṣẹ́jú 10 fún ìlà ara ògiri. Gbogbo èyí tó kù, ìta, nídìí mọ́tò mẹ́rin, pẹ̀lú bèbí ọmọláńgidi kan àti síìtì méjì. Ẹ má bá wọn de síìtì. Kí òbí fọwọ́ ara rẹ̀ dè é, kí ẹ wá mì í wò. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ẹnu géètì máa gba ọmọ láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e.